Kílọ́ọ̀ṣì, Jíà àti Ṣáàfùtù: Bí A Ṣe Lè Fi Owó Díẹ̀ Tún Ọkọ̀ Asáré Ṣe

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Bí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ asáré, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní sípọ́ọ̀tù-káà, ṣe rí lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn nìyẹn. Wọ́n gbà pé ọmọ olówó nìkan ní í gun irú rẹ̀, àti pé bí ó bá bàjẹ́, owó tí a ó fi tún un ṣe yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tí a ó fi ra òmíràn. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe irọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́ fún gbogbo ọkọ̀ asáré. Ọ̀kan wà tí àwọn òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà àti Jàpáànù ń rà, tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ ara wọn tún ṣe ní ẹ̀yìnkùlé ilé wọn. Mazda MX-5 ni orúkọ rẹ̀, òun ni a ó sì fi ṣe àpẹẹrẹ nínú àròkọ yìí.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa lè bi mí pé kí ni akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá ń wá nídìí jíà. Ìdáhùn mi kò gùn. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo ti ń lo ìsinmi mi ní ìsọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan tí ń ta sípíà páàtì ní ọjà Ládípọ̀, ní Muṣin, ní Èkó. Ìgbò ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ìsọ̀ wọn yí wa ká, ṣùgbọ́n Yorùbá ni púpọ̀ nínú àwọn mẹkáníìkì tí ń wá bá wa fi ń ṣàlàyé àìsàn ọkọ̀. Bí èdè kan bá lè ṣàlàyé àìsàn ọkọ̀ fún ẹni tí ó fẹ́ gba owó, ó yẹ kí ó lè ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa pẹ̀lú. Yàtọ̀ sí èyí, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi yìí kan náà wà ní ìlú Birmingham níbi tí ó ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Ó ti ra MX-5 àtijọ́ kan, òun ni ó sì ń gbé lọ sí ibi iṣẹ́ alẹ́ tí ó fi ń san owó ilé. Kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti ń yọ̀, jíà rẹ̀ ń dún, owó ọwọ́ rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ó ránṣẹ́ béèrè pé kí ni kí òun rà, kí ni kí òun fi sílẹ̀. Ohun tí èmi àti bàbá rẹ̀ jọ rò sí i ni mo ń kọ sílẹ̀ yìí.

Oṣù Èrèlé ọdún 1989 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ọkọ̀ yìí han aráyé ní ìpàtẹ ọkọ̀ tí ó wáyé ní Chicago ní Amẹ́ríkà. Ènìyàn méjì péré ni ó ń gbà, òrùlé rẹ̀ ṣeé ká sẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà níwájú, ṣùgbọ́n táyà ẹ̀yìn ni agbára ń lọ. Ẹ́ńjìnnì lítà 1.6 ni ó kọ́kọ́ ní. Ní 1993 ni wọ́n gbé oní-lítà 1.8 jáde. Nígbà tí ó fi máa di oṣù Igbe ọdún 2016, èyí tí ó pé mílíọ̀nù kan ti jáde ní ilé iṣẹ́ Mazda. Òótọ́ tí ó wà nídìí owó pọ́ọ́kú nìyí: ọkọ̀ tí ó bá pọ̀ ní ayé, ẹ̀yà ara rẹ̀ náà yóò pọ̀. Ọkọ̀ asáré mìíràn wà tí kò ju ẹgbẹ̀rún díẹ̀ lọ. Bí jíà irú ìyẹn bá kú, kí Ọlọ́run gbà wá.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀nà tí agbára ń gbà láti ẹ́ńjìnnì dé táyà, nítorí ẹni tí kò bá mọ ọ̀nà kò lè mọ ibi tí ẹrù ti wúwo. Fúláíwììlì, irin róbótó tí ó wúwo, ni ó wà ní ìdí ẹ́ńjìnnì. Kílọ́ọ̀ṣì ni ó tẹ̀ mọ́ ọn. Bí awakọ̀ bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì á já agbára. Bí ó bá gbé ẹsẹ̀, á tún so ó pọ̀. Lẹ́yìn kílọ́ọ̀ṣì ni jíábọ́ọ̀sì wà, lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀pá gígùn tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní púròpẹ́là. Púròpẹ́là yìí ni ó gbé agbára dé jíà ẹ̀yìn, ìyẹn dífíréńṣà, tí yóò pín in sí ọ̀tún àti òsì fún ṣáàfùtù méjèèjì, kí ó tó dé táyà.

Ìṣirò díẹ̀ yóò là wá lójú. Nínú jíà kìíní ọkọ̀ 1.6 yìí, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ yí ìgbà 3.136 kí púròpẹ́là tó yí lẹ́ẹ̀kan. Púròpẹ́là náà gbọ́dọ̀ yí ìgbà 4.3 kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá sọ 3.136 di ìlọ́po 4.3, ó lé díẹ̀ ní 13.4. Ohun tí a pàdánù nínú eré ni a rí gbà padà nínú agbára: agbára ìyí tí ó dé ṣáàfùtù nínú jíà kìíní fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́tàlá àti ààbọ̀ ti èyí tí ó kúrò ní ẹ́ńjìnnì. Nínú jíà kẹrin, níbi tí ẹ́ńjìnnì àti púròpẹ́là ti ń yí bákan náà, kò ju ìlọ́po 4.3 lọ. Nítorí náà, eré àsápajúdé ní ojú títì kọ́ ni ó ń fọ́ eyín jíà ẹ̀yìn. Ẹni tí ó dúró ní iná pupa, tí ó tẹ ẹ́ńjìnnì títí ó fi ń ké, tí ó wá yọ ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì lójijì kí àwọn ọmọge lè wò ó, òun ni ó ń fọ́ ọ.

Nígbà tí a bá fẹ́ ra nǹkan, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fi owó ẹ̀yà kan wé òmíràn, wọ́n á mú èyí tí ó pọ́ jù. Ojú tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi ń wò ó yàtọ̀. Ohun tí ó kọ́kọ́ máa ń béèrè ni pé: iṣẹ́ mélòó ni a ó ṣe kí ọwọ́ tó kan ibẹ̀? Ohun tí ó bá fara sin, tí a gbọ́dọ̀ tú ìdajì ọkọ̀ kí a tó rí i, a gbọ́dọ̀ ra tuntun, kí ó sì jẹ́ ojúlówó, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ti ayédèrú. Ohun tí ó bá wà ní gbangba, tí ó nípọn, tí kì í tètè jẹ, a lè ra àlòkù rẹ̀ láìbẹ̀rù. Mo ti fi ọ̀rọ̀ yìí dán oríṣiríṣi ọkọ̀ wò, n kò sì tíì rí ibi tí ó ti kùnà.

Kílọ́ọ̀ṣì ni ó kọ́kọ́ bá òfin yìí mu. Díìsì, pẹ́rẹ́ṣọ̀ tí ó ń tẹ díìsì mọ́ fúláíwììlì, àti bíárìn tí ń gbà á sílẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sábà máa ń wà nínú páálí kan. Láti dé ìdí wọn nínú MX-5, a ó gbé ọkọ̀ sókè, a ó yọ púròpẹ́là, a ó yọ irin gígùn tí ó so jíábọ́ọ̀sì mọ́ jíà ẹ̀yìn, a ó sì sọ jíábọ́ọ̀sì kalẹ̀. Odindi ọjọ́ kan ni ó ń gba ẹni tí kì í ṣe ọ̀gá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí owó iṣẹ́ mẹkáníìkì ti wọ́n, owó iṣẹ́ a máa ju owó ọjà lọ. Ẹni tí ó bá wá ra páálí tí kò lórúkọ nítorí kí ó lè dín owó kù, tí bíárìn inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, yóò san owó iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ ra ti àwọn ilé iṣẹ́ tí ń ṣe kílọ́ọ̀ṣì fún àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ fúnra wọn: Exedy àti Aisin ti Jàpáànù, LuK àti Sachs ti Jámánì, tàbí Valeo ti ilẹ̀ Faransé. Kò pọn dandan kí orúkọ Mazda wà lára páálí. Orúkọ yẹn nìkan a máa gba owó lọ́wọ́ ẹni.

Nígbà tí jíábọ́ọ̀sì bá ti wà nílẹ̀, ẹ pààrọ̀ síìlì tí ó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, èyí tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jáde, àti bíárìn kékeré tí ó wà ní àárín fúláíwììlì. Owó méjèèjì kò tó nǹkan lára owó iṣẹ́. Bí síìlì yẹn bá jò sórí kílọ́ọ̀ṣì tuntun, kílọ́ọ̀ṣì á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ bí ẹní tẹ ilá.

Àwọn kan yóò gbà yín níyànjú pé kí ẹ ra kílọ́ọ̀ṣì eré-ìje, èyí tí sípíríǹgì rẹ̀ le koko, tí díìsì rẹ̀ sì ní irin dípò ohun rírọ̀ tí ó wà lára ti ojoojúmọ́. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹ́ńjìnnì 1.6 àkọ́kọ́ kò ju agbára ẹṣin 115 lọ. Kílọ́ọ̀ṣì lásán tó o. Ti eré-ìje yóò máa gbọn ọkọ̀ jìgìjìgì ní gbogbo ibi tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá wà, yóò sì máa ro yín lẹ́sẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí a tó ra ohunkóhun, ó yẹ kí a mọ̀ dájú ohun tí ń ṣe ọkọ̀. Ibí yìí ni owó ti ń ṣòfò jù. Awakọ̀ kan wá sí ìsọ̀ wa ní ọjọ́ kan, ojú rẹ̀ ti rẹ̀ wálẹ̀.

“Bàbá, jíà bọ́ọ̀sì mi ò wọlé mọ́. Mẹkáníìkì ní kí n wá ra odindi jíábọ́ọ̀sì.”

“Bí o bá pa ẹ́ńjìnnì ńkọ́, ṣé ó ń wọlé?”

“Ó ń wọlé dáadáa, sà.”

“Jíà rẹ ò ṣe nǹkan kan. Lọ wo sílíńdà ìsàlẹ̀.”

Bí jíà bá ń wọlé nígbà tí ẹ́ńjìnnì kú, tí kò sì wọlé nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́, a jẹ́ pé kílọ́ọ̀ṣì ni kò já agbára tán. Nínú bọ́ọ̀sì yẹn, bí ó ti rí nínú MX-5, ọ́ìlì bíréèkì ni ó ń gbé agbára ẹsẹ̀ awakọ̀ láti sílíńdà òkè dé sílíńdà ìsàlẹ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíábọ́ọ̀sì. Rọ́bà inú rẹ̀ a máa gbó, ọ́ìlì á sì máa jò. Ìta ni sílíńdà náà wà, bóòtù méjì ni ó dì í mú, owó rẹ̀ kò sì jọ owó jíábọ́ọ̀sì rárá. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi pàdánù ọjà ńlá ní ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n awakọ̀ náà kò yà sí ìsọ̀ ẹlòmíràn mọ́ láti ìgbà náà. Sílíńdà ìsàlẹ̀ yìí jẹ́ àìsàn tí gbogbo ẹni tí ó ní MX-5 àtijọ́ mọ̀. Òun ni kí a kọ́kọ́ wò.

Bí kílọ́ọ̀ṣì bá ń yọ̀ ńkọ́? Ẹ wà á sí jíà kẹrin lórí ọ̀nà tí ó dá, kí eré má pọ̀, kí ẹ wá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá. Bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá ròkè tí ọkọ̀ kò sì yára sí i, díìsì ti jẹ tán nìyẹn.

Ní ti jíábọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀, èmi kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ra tuntun. Jíábọ́ọ̀sì onípele márùn-ún ọkọ̀ yìí lágbára, ti 1.6 àti ti 1.8 sì lè wọ ipò ara wọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ MX-5 ni ìpẹtà ti jẹ ara wọn nítorí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù, tí jíà wọn sì wà láàyè. Àwọn tí ń tú ọkọ̀ tà a máa ta irú rẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi ọwọ́ yí ọ̀pá iwájú rẹ̀, kí ẹ kó gbogbo jíà sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò gbọdọ̀ há, kò sì gbọdọ̀ dún bí òkúta. Ẹ tú bóòtù tí a fi ń da ọ́ìlì nù. Mágínẹ́ẹ̀tì wà lórí rẹ̀. Bí ohun tí ó lẹ̀ mọ́ ọn bá dà bí ẹ̀kọ tí ó láwọ̀ eérú, kò léwu, bí irin ṣe máa ń jẹ nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ wóróhoro irin tí ọwọ́ lè mú, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀. Ìyàtọ̀ díẹ̀ wà tí jíà bá kàn ń le láti kó: ìdí ọ̀pá jíà ní ọ́ìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀, rọ́bà tí ó bò ó a sì máa ya. Rọ́bà tuntun àti ọ́ìlì díẹ̀ ti wo ọ̀pọ̀ jíà tí wọ́n ti fẹ́ sin sàn.

Jíà ẹ̀yìn ni ọ̀rọ̀ ìdílé ti wọ̀ ọ́. Àwo eléyín ńlá tí ó wà nínú ti 1.6 àkọ́kọ́ jẹ́ íńṣì 6 ní ìbú. Nígbà tí Mazda gbé 1.8 dé, wọ́n sọ ọ́ di íńṣì 7. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n lágbára ju àbúrò lọ fíìfíì. Nítorí náà, ẹni tí jíà ẹ̀yìn 1.6 rẹ̀ bá fọ́, kí ó má ṣe wá irú rẹ̀ mọ́, àlòkù 1.8 ni kí ó wá. Ẹ̀tàn tí ó wà níbẹ̀ ni pé kò ṣeé rà ní òun nìkan. Ṣáàfùtù méjèèjì àti púròpẹ́là 1.8 gbọ́dọ̀ bá a wá, nítorí orí wọn kò bá ti 1.6 mu. Ẹni tí ó bá rà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́ta yóò san ju ẹni tí ó rà wọ́n pọ̀ láti ara ọkọ̀ kan lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti kílọ́ọ̀ṣì: ti 1.6 jẹ́ mìlímítà 200, ti 1.8 jẹ́ 215. Ti 1.8 lè wọ ẹ́ńjìnnì 1.6, ṣùgbọ́n àfi bí fúláíwììlì 1.8 bá bá a wá. Ẹ má sì ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀ nìkan, nítorí pé ní Yúróòpù, Mazda ṣì ń ta 1.6 lẹ́yìn tí 1.8 ti dé. Ẹ wọ̀n ọ́n.

Jíà ẹ̀yìn 1.8 àkọ́kọ́ ń yí ìgbà 4.1 dípò 4.3. Ohun tí yóò ti ibẹ̀ yọ ni pé ẹ́ńjìnnì yóò sinmi díẹ̀ sí i ní ọ̀nà jíjìn, ṣùgbọ́n aago eré yóò máa parọ́. Láti ara jíábọ́ọ̀sì ni aago náà ti ń ka eré, kò sì mọ̀ pé a ti pààrọ̀ ohun tí ó wà lẹ́yìn. Bí ọkọ̀ bá ń sá kìlómítà 100, aago yóò máa sọ pé 95. Ní ìlú tí kámẹ́rà ọlọ́pàá wà ní gbogbo oríta, owó ìtanràn nìyẹn. Jíà oníke kékeré kan tí ó wà nídìí okùn aago náà ni a ó pààrọ̀ kí ó tó sọ òótọ́.

Àwọn jíà ẹ̀yìn kan wà tí kì í jẹ́ kí táyà kan máa yí lásán nígbà tí èkejì dúró. Nínú 1.6, ohun kíki bí oyin ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí; nínú 1.8, jíà ni, Torsen ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí ó bá ń ta ti àkọ́kọ́ yìí a máa bu owó lé e, ṣùgbọ́n ohun kíki náà a máa kú bí ó bá dàgbà. Ẹ fi ọwọ́ yí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ẹ̀gbẹ́ kejì bá yí sí òdìkejì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ti kú, owó jíà lásán ni kí ẹ san.

Ní ti ṣáàfùtù, rọ́bà tí ó bo oríkèé rẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Bí ó bá ya, gírísì á jáde, iyanrìn á wọlé. Ẹni tí ó bá tètè rí i yóò ra rọ́bà àti gírísì. Ẹni tí kò bá rí i yóò ra ṣáàfùtù.

Ọ̀rọ̀ àlòkù mú mi rántí ọ̀rọ̀ kan tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè kò gbọdọ̀ gbójú fò. Tòkunbọ̀ ni a ń sọ ọmọ tí a bí ní òkè òkun tí a sì gbé wálé. Nígbà tí àlòkù ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ojú omi wá, orúkọ ọmọ ènìyàn ni a fún wọn, kò sì sí ẹ̀yà kan ní Nàìjíríà lónìí tí kò mọ ohun tí à ń pè ní tòkunbọ̀. Ìyìn ni orúkọ náà ní ọjà wa. Tòkunbọ̀ tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ṣe sàn ju tuntun tí a kò mọ baba rẹ̀ lọ. MX-5 kò wọ́pọ̀ ní Èkó, àlòkù rẹ̀ kò sì pọ̀ ní Ládípọ̀, nítorí náà ẹni tí ó bá ní in nílé yóò máa ránṣẹ́ sí òkè òkun. Kí ó rántí pé láti oṣù Igbe ọdún 1972 ni a ti ń gba ọwọ́ ọ̀tún ní ojú títì, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti ará Jàpáànù sì ń gba òsì. Èyí kò kan jíà tàbí ṣáàfùtù, ṣùgbọ́n ó kan páìpù kílọ́ọ̀ṣì àti ibi tí a ń tẹ̀.

Bí ẹ bá ń lọ sí ọjà, ọjà yòówù kó jẹ́, ẹ mú èyí tí ó bàjẹ́ dání. Ẹ ka eyín rẹ̀, ẹ fi rúlà wọn ìbú rẹ̀, ẹ gbé méjèèjì sórí ọwọ́ kí ẹ mọ èyí tí ó fúyẹ́. Ayédèrú mọ bí a ṣe ń ya páálí, àmọ́ kì í fẹ́ ná owó lórí irin.

Ohun tí mo kọ ránṣẹ́ sí Birmingham nìyí: sílíńdà ìsàlẹ̀ ní àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà páálí kílọ́ọ̀ṣì Exedy pẹ̀lú síìlì, kí ó fi jíà ẹ̀yìn sílẹ̀ títí yóò fi fọ́ fúnra rẹ̀, kí ó sì yé tẹ ẹ́ńjìnnì ní iná pupa. Nítorí jíà tí ń dún, kí ó kọ́kọ́ pààrọ̀ ọ́ìlì. Nǹkan bíi lítà 2 ni jíábọ́ọ̀sì rẹ̀ ń gbà. GL-4 ni kí ó wá lára ike ti jíábọ́ọ̀sì, GL-5 ni ti jíà ẹ̀yìn, níbi tí eyín ti ń yọ̀ lórí ara wọn tí ó sì nílò èròjà tí ó le jù. Kí ó sì tú bóòtù òkè, ibi tí a ń gbà da ọ́ìlì sí i, kí ó tó fọwọ́ kan ti ìsàlẹ̀. Bóòtù òkè a máa há nígbà mìíràn, ẹni tí ó bá sì ti da ti àtijọ́ nù kí ó tó mọ̀ pé kò ṣeé tú kò ní lè gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà.